Ẹyọ Kan Tó Ya Agídí sí Bulówà

Ọkùnrin kan wà tó ń fi títún fóònù ṣe jẹun. Ìbínú rẹ̀ kì í jìnnà sí i. Orí tábìlì ló máa ń wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ irinṣẹ́.

Obìnrin kan gbé fóònù wá fún un. Ohùn ìyá rẹ̀ tó ti kú wà nínú fóònù náà, níbi tó ti ń ki ọmọ rẹ̀ ní oríkì. Ohùn náà ò sí níbòmíràn, fóònù ò sì gba iná mọ́.

Obìnrin náà ní, “Ẹnjiníà, ẹ ṣáà bá mi jí i kí n gba ohùn yẹn jáde. Lẹ́yìn náà, kó kú tó bá wù ú.”

Ọkùnrin náà tú u. Ẹyọ kan ló bàjẹ́, kò tó hóró yànmọ̀tí, lẹ́ẹ̀dì, irin tí wọ́n ń yọ́ bí àtè, ló lẹ̀ ẹ́ mọ́ páńẹ̀lì, pátákó kékeré tí gbogbo ẹyọ inú fóònù jókòó lé. Bí wọ́n ṣe ń yọ irú rẹ̀ ni pé wọ́n á fi páàsítì pa á lára kí lẹ́ẹ̀dì lè tètè yọ́, wọ́n á bo àwọn ẹyọ tó jẹ́ aládùúgbò rẹ̀, wọ́n á wá fi bulówà fẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbóná sí i jẹ́ẹ́jẹ́. Ọkùnrin yìí ní àkẹ́jù ni.

Ó fẹ́ ẹ ní gbígbẹ, kò pa páàsítì, kò bo ohunkóhun. Ẹyọ náà ò mì. Ọkùnrin náà gbà pé ó rí òun fín ni.

“Èmi lò ń ya agídí sí?”

Ó yí iná dé òpin, ó yí afẹ́fẹ́ dé òpin. Ẹyọ náà ṣí. Àwọn aládùúgbò rẹ̀ tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni náà fò lọ, páńẹ̀lì sì wú bí àkàrà.

Nígbà tí obìnrin náà padà dé, inú ṣì ń bí ọkùnrin náà.

“Màmá, ẹ má dá mi lẹ́bi. Ẹyọ kan péré ni mo dojú kọ. Mi ò bá àwọn yòókù wí rárá.”

“Ẹnjiníà, ṣé afẹ́fẹ́ yẹn mọ ẹni tí ẹ ń bá wí?”

Obìnrin náà gba fóònù rẹ̀, ó gbé e sétí díẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ìwọ baálé ilé, ìwọ ni mò ń bá wí. Ọmọ kan pẹ́ níta, o kó gbogbo ilé jọ, o jágbe mọ́ wọn. Èyí tó ń fọ abọ́ gba tirẹ̀. Ìyá wọn gba tirẹ̀. Síbẹ̀, o ní ọmọ kan péré lo dojú kọ. Ta ló gbé bulówà lé ọ lọ́wọ́? Pe ọmọ náà sí kọ̀rọ̀, kí o fi ọ̀rọ̀ dáadáa kan pa á lára kí o tó bẹ̀rẹ̀. O ní bí o bá ti ń wọlé báyìí, gbogbo wọn ló ń dákẹ́, o sì ń pè é ní ọ̀wọ̀. Páńẹ̀lì ọkùnrin yẹn náà dákẹ́.