Ta Ni Kí N Kọ́kọ́ Dá Lóhùn?

Ọ̀gá Adégbìtẹ́ ti Ìbàdàn gba agbẹ̀bí mẹ́fà síṣẹ́. Kálukú jókòó sí ìlú tirẹ̀, wọ́n ń fi fóònù tọ́ àwọn aboyún tó jìnnà sí ọsibítù sọ́nà. Nítorí pé kò rí wọn, kò fọkàn tán wọn: ó ní kí kálukú máa pe òun ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láti sọ ohun tó ń ṣe, ẹni tó bá pa ẹyọ kan jẹ, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Fẹ̀hìntọ́lá tó wà ní Ìgbájọ, tó kéré jù nínú wọn, kò bá a jiyàn. Ó ní, "A gbọ́, sà. Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo bẹ̀: ẹ̀yin fúnra yín ni kẹ́ ẹ máa gbé fóònù ọ̀hún." Ọ̀gá gbà. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí aago mẹ́wàá lù, Fẹ̀hìntọ́lá pè é. "Àsìkò ìròyìn mi tó, sà. Obìnrin kan ń rọbí lóko, omira rẹ̀ ti tú, ó wà lórí fóònù mi kejì. Ta ni kí n kọ́kọ́ dá lóhùn, ẹ̀yin tàbí òun?" Ọ̀gá ní, "Dá a lóhùn, jọ̀ọ́." Fẹ̀hìntọ́lá ní, "Àwọn ará ilé rẹ̀ ni yóò ròyìn fún yín, sà," ó sì pa fóònù. Ọ̀gá jókòó ti fóònù rẹ̀, kò lè jẹun. Lọ́sàn-án, ìyá àgbàlagbà kan pè é: "Ẹni tó wà ní Ìgbájọ ní kí n pè yín. Ìyàwó ọmọ mi ti bímọ, ó ń mu ẹ̀kọ." Nírọ̀lẹ́, ọ̀gá pe àwọn agbẹ̀bí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní kí ẹnikẹ́ni má pe òun mọ́ àfi tó bá nílò ìrànlọ́wọ́, ẹnu àwọn tí wọ́n gbẹ̀bí fún lòun yóò ti máa gbọ́ ìròyìn iṣẹ́ wọn. Márùn-ún ló rí bá sọ̀rọ̀. Fẹ̀hìntọ́lá ò gbé fóònù. Aboyún mìíràn ló ń dá lóhùn.