Ìdí Tí Ojúmú àti Aláràbarà Fi Ń Pe Ara Wọn Ní Ẹ̀gbọ́n

Ní ayé ìgbà kan, nígbà tí sátẹ́láìtì, ẹ̀rọ tó ń wo ayé láti òfurufú, ṣì lẹ́nu, tí wọ́n sì ń jà bí ọmọ ìyá, kò sí èyí tó ń pa àwòrán tirẹ̀ pọ̀ mọ́ ti ẹnì kejì. Oníkálùkù ń ya tirẹ̀, ó ń fi í ránṣẹ́ sí ilẹ̀.

Ìbejì kan wà láàárín wọn tí rọ́kẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo gbé dé ojú òfurufú lọ́jọ́ kan náà. Ojúmú ló kọ́kọ́ jáde. Ojú rẹ̀ mú débi pé ó ń rí ebè kọ̀ọ̀kan nínú oko, àmọ́ dúdú àti funfun nìkan ló mọ̀. Aláràbarà jáde tẹ̀ lé e. Òun mọ gbogbo àwọ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ṣe bàìbàì. Bó bá wo oko, ṣe ló ń rí i bí aró tí wọ́n dà sómi.

Ara Aláràbarà kì í balẹ̀. Ó ń yí ayé ká, kò jókòó, kò sùn. Oko ẹ̀gẹ́ kan létí odò ló gbà á lọ́kàn jù. Oko náà ló kọ́kọ́ rí lọ́jọ́ tó lajú, ó tutù yọ̀yọ̀, ó sì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Bó bá ti ń sún mọ́ ibẹ̀, ojú rẹ̀ á ti máa wá a.

Lọ́jọ́ kan, ó rí i tí apá kan níbẹ̀ ti pọ́n. Àrùn ti wọ oko. Kíá, ó fi àwòrán ránṣẹ́ sí Àyọ̀ká, obìnrin tó jẹ́ olórí àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀. Àyọ̀ká wò ó títí, kò mọ ebè tí àrùn náà wà. Ó bi Ojúmú. Ojúmú fi tirẹ̀ ránṣẹ́: gbogbo ebè pé, gbogbo ewé rí bí eérú, kò rí àrùn kankan.

Àwọn àgbẹ̀ ní kò sí ọgbọ́n mìíràn, àfi kí wọ́n hú gbogbo oko náà, kí wọ́n sun ún, kó má bàa ran àwọn oko yòókù. Àyọ̀ká bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún òun láyè di ọ̀la.

Ọkàn Aláràbarà dà rú. Ó mọ̀ pé bí àwòrán méjèèjì bá lè wà lórí ara wọn, gbogbo rẹ̀ á hàn. Ṣùgbọ́n òun àti Ojúmú ò sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti dé. Wọ́n ń jà sí ipò àgbà. Ojúmú ní òun ló kọ́kọ́ jáde. Aláràbarà ní ibo ni wọ́n ti ń bí ìbejì nílẹ̀ Yorùbá tí Táyé ń ṣe ẹ̀gbọ́n Kẹ́yìndé? Òun ló rán an pé kó lọ wo bí òfurufú ṣe rí, nítorí náà, àbúrò ni kó gbé àwòrán wá bá ẹ̀gbọ́n. Ẹ má fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin náà ti jà lórí ohun tó kéré ju ìyẹn lọ.

Aláràbarà yí ayé ká, ó tún yí i ká. Nígbà tó padà dé lọ́jọ́ kejì, ó rí àwọ̀ aṣọ àwọn ènìyàn tó ń rọ́ gìdìgìdì lọ sí oko. Inú bí i sí ara rẹ̀. Kí ló fẹ́ fi ipò àgbà ṣe lórí oko tó ti di eérú?

Ó sáré bá Ojúmú.

“Ẹ̀gbọ́n mi,” ó ní, “mo kúnlẹ̀. Àwọ̀ mi rèé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e lé orí tiyín.”

Ọjọ́ ti pẹ́ tí Ojúmú ti ń retí ọ̀rọ̀ yẹn, àmọ́ nígbà tó gbọ́ ọ, ojú tì í. Ó tẹ́ àwòrán rẹ̀ sílẹ̀, Aláràbarà sì da àwọ̀ lé e. Oko náà hàn kedere, ebè lẹ́yìn ebè, ewé tútù ló bo gbogbo rẹ̀ àfi ìlà kan létí odò tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú.

Ojúmú ò tiẹ̀ wo ìlà yẹn.

“Ṣé bó ṣe tutù tó nìyí?” ó ní. “Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò mọ̀.”

Àwòrán náà dé ọwọ́ Àyọ̀ká kí wọ́n tó hú ebè àkọ́kọ́. Ìlà etí odò nìkan ni wọ́n hú, tí wọ́n sun. Ìyókù wà níbẹ̀, ó sì ta.

Láti ìgbà náà wá ni ojú tó mú ti ń yá ojú tó mọ àwọ̀ ní ìlà, tí ojú tó mọ àwọ̀ sì ń pa á láró, kí àwa tó wà nílẹ̀ tó lè rí oko wa dáadáa. Ojúmú ṣì ń ṣíwájú, Aláràbarà ń tẹ̀ lé e. Ní báyìí, ara Ojúmú náà kì í balẹ̀ mọ́. Bó bá ti kọjá lórí oko létí odò, á ké sẹ́yìn pé, “Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ó ṣì tutù?” Á sì máa retí èsì.