Àwẹ̀ró àti Èèwọ̀ Ológbò

"Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

Màmá Ìdòwú yíjú ká àwọn ọmọ ilé tí wọ́n jókòó yí i ká. "Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó bà lé abọ́ ọbẹ̀, ó bà lé Àwẹ̀ró, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún."

Ní ìgbà kan rí, nígbà tí ènìyàn àti ẹranko jọ ń gbélé, Àwẹ̀ró lóyún. Ojú ń tì í. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ lọ́nà odò, kò sì jáde mọ́, kò bi àgbà kankan ní ohunkóhun. Ológbò nìkan ló ń bá a sọ̀rọ̀.

Ojú Ológbò sì wà lára abọ́ Àwẹ̀ró. Bí ìyá Àwẹ̀ró bá se ẹyin sílẹ̀ kí ó tó lọ sóko, Ológbò á ní aboyún kì í jẹ ẹyin, kí ọmọ rẹ̀ má baà di olè. Bó bá se ìgbín, Ológbò á ní itọ́ ni ọmọ náà yóò máa dà. Bó bá se ẹja ńkọ́? Ó ní ọmọ náà kò ní rìn láéláé, á kàn máa lúwẹ̀ẹ́ kiri ilé.

Ẹ bá mi gbè é:

*Àwẹ̀ró, ẹyin kọ́!*
"Fi sílẹ̀ fún mi!"
*Àwẹ̀ró, ìgbín kọ́!*
"Fi sílẹ̀ fún mi!"

"Ta ló wá ń jẹ wọ́n?" Mojí kékeré béèrè.

"Ta ni ìwọ rò?"

Ológbò ń sanra. Ẹ̀kọ ni Àwẹ̀ró ń mu láàárọ̀, òun náà ló ń mu lálẹ́, ó sì ń rún ẹfun lẹ́nu lọ́sàn-án. Òòyì ń kọ́ ọ. Lọ́jọ́ kan, ọmọ inú rẹ̀ tó máa ń tàpá dákẹ́ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀rù bà á. Ó gbàgbé ìtìjú, ó mú ọ̀nà ilé Pẹ́pẹ́yẹ, agbẹ̀bí ìlú, pọ̀n.

Pẹ́pẹ́yẹ gbé etí lé ikùn rẹ̀. Ó ní ọmọ wà láàyè, àmọ́ ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó ṣí ìpéǹpéjú Àwẹ̀ró, inú rẹ̀ funfun bí ògì, ẹ̀jẹ̀ kò tó lára rẹ̀. Ó bi í ní ohun tó ń jẹ, Àwẹ̀ró sì rò ó fún un, tèèwọ̀tèèwọ̀.

"Ta ló ka gbogbo èyí fún ọ?"

"Ológbò ni, mà."

Pẹ́pẹ́yẹ rẹ́rìn-ín títí ìyẹ́ rẹ̀ fi ń gbọ̀n. "Ológbò tí èmi fúnra mi ń tọ́jú oyún rẹ̀? Ọmọ mẹ́rin ló wà níbẹ̀."

"Á bí olè nìyẹn," Mojí wí.

Olè tí Ológbò ń jà ti wà kí ó tó lóyún. Jẹ́ n sọ̀rọ̀.

Pẹ́pẹ́yẹ ní, "Gbọ́, ọmọ mi. Ìwọ ṣì ń dàgbà, oyún inú rẹ náà ń dàgbà. Ọmọ méjì ló wà nídìí abọ́ kan. Èwo nínú wọn ni ẹ̀kọ lásán máa yó?"

Ó ní kí ó máa jẹ ẹyin tó jinná, ẹja, ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àti ọsàn. Kí ó ju ẹfun nù, kí ó máa lo oògùn ẹ̀jẹ̀ tí òun fún un, kí ó sì máa wá fún àyẹ̀wò. Bí ọmọ bá tún dákẹ́, kí ó má dúró di ìrọ̀lẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá rẹ̀ se ẹyin, ẹja àti ẹ̀fọ́ sílẹ̀. Ológbò dé, ó nawọ́. Àwẹ̀ró gbá abọ́ mọ́ra.

"Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá Ológbò," ó ní, "mi ò lè jẹ́ kí ẹ bí olè mẹ́rin sínú ilé wa."

Ológbò kálòlò. Ó ní àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀. Àwẹ̀ró jẹun lójú rẹ̀, ó lá ìka. Nígbà tí oúnjẹ kù díẹ̀, ó ju orí ẹja sí i, torí aboyún ni òun náà.

Kò pẹ́, ọmọ tún bẹ̀rẹ̀ sí í tàpá, abọ́ tó bá gbé lé ikùn á máa mì. Nígbà tí oṣù pé, ó bí ọmọkùnrin kan tí igbe rẹ̀ jí gbogbo àdúgbò.

"Ṣé kò da itọ́?" Mojí béèrè.

Ó dà á. Ọmọ tuntun wo ni kì í da itọ́?

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé kí aboyún jẹun dáadáa, pàápàá èyí tó ṣì kéré. Kí ó bi agbẹ̀bí léèrè, kì í ṣe ẹni tó ń wo abọ́ rẹ̀.

Bí mo bá purọ́, kí ẹ̀fọn jẹ mí nímú. Ó jẹ mí bí?

"Kò jẹ yín o!"