Agbára tí Olóyè Adégbuyì Fẹ́ Kọ Sínú Òfin

Pàṣán tí a fi na ìyálé, ó wà lájà fún ìyàwó. Ṣùgbọ́n ìyàwó kì í sábà gbójú sókè wò ó.

Nígbà tí àwọn aṣojú jókòó láti kọ òfin orílẹ̀-èdè wọn tuntun, Olóyè Adégbuyì, tí gbogbo ènìyàn gbà pé òun ni yóò di Ààrẹ àkọ́kọ́, tẹnu mọ́ ọn pé kí Ààrẹ lè ti alátakò mọ́lé láìgbẹ́jọ́. Wọ́n fi ọjọ́ mẹ́rin jiyàn. Alátakò kan ṣoṣo tó ní ni Ìyáàfin Morádékẹ́, obìnrin náà sì mọ̀ pé òun gan-an ni àbá náà ń wá kiri.

Ní ọjọ́ karùn-ún, ó dìde.

"Bàbá, bí wọ́n bá ń pín ẹran nílé yín, ta ní í mú gbẹ̀yìn?"

"Ẹni tó pín in ni, kó má baà rẹ́ àwọn yòókù jẹ."

"Ó dára. Ẹ̀yin lẹ pín agbára yìí, ẹ jẹ́ kí èmi kọ́kọ́ mú. Ẹ jẹ́ kí n fi ṣe Ààrẹ fọ́dún kan."

Olóyè wo obìnrin náà, ó wo ìwé, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

"Akọ̀wé, pa ìlà yẹn rẹ́."

"Gbogbo rẹ̀, bàbá?"

"Gbogbo rẹ̀! Kọ ọ́ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wẹ̀wọ̀n láìgbẹ́jọ́. Kí o sì fàlà sábẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo mọ ojú tí obìnrin yìí fi ń wò mí."