Òkúta Tí Àwẹ̀ró Ń Wá Létí Odò Ayínrin

Àwọn tó wà níbẹ̀ nìwọ̀nyí: Àjàlá, àkọ́bí, Àwẹ̀ró àbúrò rẹ̀ obìnrin, ẹni tó bí ìyá ìyá mi, Oyègún àti Ọ̀jẹ́yẹmí, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá wọn, tí wọ́n ru òkú, àti òkú náà fúnra rẹ̀, Lákànlé, bàbá Àjàlá àti Àwẹ̀ró, tí wọ́n fi ẹní wé mọ́ ọ̀pá.

Abà ni Lákànlé kú sí, a kì í sì í sin àgbà ilé wa sí abà. Wọ́n ti gbẹ́ sàréè dè é nílé ní òdìkejì odò. Bí omi bá gbé e lọ, bàbá kò ní sùn láàárín àwọn baba rẹ̀ mọ́ láéláé.

Ẹni tó bá fẹ́ kọjá Ayínrin a máa fi ọ̀pá wọn omi. Ṣùgbọ́n a kì í wọn odò níwájú òkú, nítorí ó dà bíi pé à ń sọ fún un pé kò mọ ọ̀nà ilé rẹ̀ mọ́. Lákànlé gan-an ló sì to àwọn òkúta tí a ń tẹ̀ sọdá odò náà nígbà èwe rẹ̀. Àjàlá ju ọ̀pá rẹ̀ nù. Odò dákẹ́ rọ́rọ́. Wọn kò mọ̀ pé òjò ti rọ̀ lókè odò.

Àwẹ̀ró ti ń sunkún bọ̀ láti abà.

Àjàlá ní, “Àwẹ̀ró, dákẹ́ ná. Ojú wíwú yìí lo fẹ́ gbé wọ̀lú?”

“Ẹ̀gbọ́n mi, òkúta Bàbá dà?”

“Òkúta wo?”

“Èyí tí wọ́n máa ń gbé mi kà, tí wọ́n á fọ ẹrẹ̀ ẹsẹ̀ mi ká tó wọ̀lú. Mo fẹ́ jókòó níbẹ̀ sunkún díẹ̀, n ò rí i.”

Oyègún rẹ́rìn-ín lábẹ́ ẹrù. “Àga ni òun ń wá lọ́nà ìsìnkú.”

Àjàlá kò rẹ́rìn-ín. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti wà nínú omi. Òkúta yẹn ga ju ìbàdí ọmọdé lọ, etí odò ló sì wà. Bí omi bá ti bò ó, mélòómélòó ni ti àárín odò?

Ó ní, “Ẹ padà sẹ́yìn.”

Wọn kò tíì sọ òkú kalẹ̀ tí igi ńlá kan, tòun ti gbòǹgbò, fi bá àgbàrá já wá, tó sì gbá ojú ọ̀nà ìsọdá kọjá.

Ọ̀nà òkè tó jìn ni wọ́n gbà yí odò náà ká. Ilẹ̀ ti ń ṣú kí wọ́n tó dé, ṣùgbọ́n Lákànlé sùn láàárín àwọn baba rẹ̀. Nígbà tí àwọn obìnrin ilé ń rọ Àwẹ̀ró pé kó nu ojú, Oyègún tó fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ló ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Láti ẹnu Oyègún ni àwọn àgbà ilé wa ti gbà á, tí wọ́n fi ń wí pé bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran.

Ìbídùn, ìwọ tí mo ń sọ ìtàn yìí fún, mo mọ̀ pé afárá ti wà níbẹ̀ báyìí. Bí o bá débẹ̀, sọ̀ kalẹ̀, kí o kọ́kọ́ fi ojú wá òkúta náà kí o tó kọjá.