Orúkọ Tí Wọ́n Ní Ó Ń Pa Ọmọ

Obìnrin kan wà ní ilẹ̀ Írẹ́lándì tó ti mọ orúkọ tí òun máa sọ ọmọ òun kó tó lóyún rárá. Úna ni orúkọ náà. Orúkọ ìyá tó bí i ni, ìyá ọ̀hún sì ti kú. Àṣà ilẹ̀ wọn ni pé ọmọbìnrin àkọ́bí ní í jẹ́ orúkọ ìyá ìyá rẹ̀. Bí ọmọ náà kò bá jẹ́ ẹ, lójú obìnrin yìí, wọ́n tún ìyá òun sin lẹ́ẹ̀kejì ni.

Ṣùgbọ́n èèwọ̀ ni orúkọ náà nílé ọkọ. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ dárúkọ náà nídìí oúnjẹ, ìyá ọkọ rẹ̀ gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Ìyàwó, gbé orúkọ yẹn jìnnà sí wa. Ó ń pa ọmọ. Ìran tèmi ti dán an wò rí, ilẹ̀ ló gbé wọn mì."

"Màmá, orúkọ ò lọ́wọ́, kò lẹ́sẹ̀. Báwo ló ṣe ń pa èèyàn?"

"Ṣé o ti bímọ rí ni? Jọ̀ọ́, bu ọbẹ̀ sí i fún ọkọ rẹ."

Ọkọ tẹjú mọ́ àwo, ó ń jẹun lọ.

Ẹ̀rù ba obìnrin náà, torí ó ti lóyún nígbà náà. Ẹ̀rù bà á débi pé, bí ọmọ inú rẹ̀ bá dákẹ́ díẹ̀, òun náà á dákẹ́, á máa dúró kó tún mira. Síbẹ̀ ó ní òun ò ní sá fún ohun tí òun kò tíì fojú rí. Ó wọkọ̀ lọ sí abúlé tí ìran ìyá ọkọ rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá, ó bẹ fadá ìjọ Àgùdà ibẹ̀ pé kó jẹ́ kí òun wo ìwé ìrìbọmi àtijọ́.

Ìyá ọkọ kò purọ́. Láyé ọjọ́un tí ànàmọ́ tó jẹ́ oúnjẹ wọn rà nínú ilẹ̀, tí ebi ń pa gbogbo ìlú, tọkọtaya kan bí ọmọbìnrin, wọ́n sọ ọ́ ní Úna. Fadá ìgbà náà ya àgbélébùú kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ náà: ọmọ ti kú. Wọ́n tún bí òmíràn, wọ́n tún sọ ọ́ ní Úna. Àgbélébùú tún wà níbẹ̀. Obìnrin náà pa ìwé dé.

Kò lè lọ sílé tààrà. Ọ̀rọ̀ ìyá tó sin ọmọ méjì yẹn ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Ó fẹ́ mọ ibi tó parí ayé rẹ̀ sí. Ó bá yà sí ọ́fíìsì ìwé ilẹ̀. Nínú ìwé yẹn, ìjọba a máa kọ orúkọ ẹni tó ni ilé àti oko kọ̀ọ̀kan. Bí ẹni náà bá kú, wọ́n á fagi lé e, wọ́n á kọ ti ẹni tó jogún rẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀. Ó rí orúkọ bàbá àwọn ọmọ náà, wọ́n ti fagi lé e. Ó rí orúkọ ìyàwó rẹ̀ tó di opó, wọ́n ti fagi lé ìyẹn náà. Ẹni tó tẹ̀ lé e ni Úna, bẹ́ẹ̀ ìwé ìrìbọmi ní Úna méjèèjì ti kú. Ẹni tó sì jogún Úna ni bàbá bàbá ìyá ọkọ rẹ̀ gan-an.

Ó sáré padà sọ́dọ̀ fadá, ó ṣí ojú ìwé tí kò dé lẹ́ẹ̀kan. Ìyá kan náà, baba kan náà, ọmọ kẹta: Úna. Kò sí àgbélébùú.

Ó gbé ìròyìn náà délé bí ẹni gbé omi tútù. Ìyá ọkọ gbọ́ ọ tán.

"Ó sin méjì kó tó rí ọ̀kan tọ́," ló wí. "Ìwọ ńkọ́? Mélòó lo fẹ́ sin?"

Obìnrin náà ti rò pé ìwé máa bá òun parí ẹjọ́. Ìwé kò parí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ló ti ń rí ìyá ayé ọjọ́un lójú inú rẹ̀: sàréè kéékèèké méjì lẹ́yìn ilé ìjọsìn, àwọn aládùúgbò tí wọ́n ń yọ ọ́ lẹ́nu pé kó wá orúkọ mìíràn, fadá tó ń bi í pé kí lorúkọ ọmọ. Kò sẹ́ni tó fi ẹ̀mí ọmọ kẹta dá a lójú. Ikú ti gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá náà ní òun ò ní gbé orúkọ kún un fún ikú.

Nígbà tó yá, obìnrin tiwa bí ọmọbìnrin. Lọ́jọ́ ìrìbọmi, ìyá ọkọ dúró tì í, ó káwọ́ gbera.

"Ìyàwó, má dán an wò o."

Fadá béèrè orúkọ. Ohùn obìnrin náà gbọ̀n, ṣùgbọ́n àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà gbọ́ ọ.

"Úna," ló wí. "Úna ni, ọmọ-ọmọ Úna."

Ìwọ tí ò ń gbọ́ mi yìí, mo mọ ohun tó o fẹ́ bi mí. O fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ náà yè. Ì bá wu obìnrin yẹn náà kó mọ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún un, ó sì pe orúkọ náà. Nítorí náà, bí wọ́n bá kó ìtàn òkú jọ síwájú rẹ láti fi dẹ́rù bà ọ́ lórí ọmọ rẹ, má wulẹ̀ sọ pé ẹ̀rù ò bà ọ́, irọ́ ni. Jẹ́ kó bà ọ́. Jẹ́ kí ohùn rẹ gbọ̀n. Ṣùgbọ́n pe ọmọ rẹ lórúkọ tó jẹ́ tirẹ̀, kí o sì pè é sókè.