Òkété Kò Jẹ́ Kí Àkókó Kan Òpó Ilé Rẹ̀

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi rìn títí, ó dé ẹnu ọ̀nà ilé Òkété. Ìwọ Dàda, fi etí àbúrò rẹ sílẹ̀, àbí kí n dákẹ́?

Nígbà tí àwọn ẹranko ń kọ́lé, ọba wọn pàṣẹ pé kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé, kí gbogbo onílé ṣílẹ̀kùn fún ẹyẹ Àkókó. Àkókó á wọlé, á fi ẹnu kan òpó wò. Bó bá dún kó-kó-kó, òpó le. Bó bá dún pò-pò-pò, ikán ti jẹ ẹ́, onílé gbọ́dọ̀ pààrọ̀ rẹ̀.

Òkété mọ̀ pé ikán ti wọ òpó yàrá ìyá òun. Ṣùgbọ́n ó ti kó ẹkùrọ́ kún àjà yàrá náà dẹ́nu. Ta ni yóò kó gbogbo ẹ̀ sọ̀ kalẹ̀? Bí aládùúgbò bá sì rí i, tí wọ́n ní kó bù fún àwọn ńkọ́? Ọ̀kánjúà!

Àkókó dé. Ẹ bá mi gbè é:

Òkété, mo dé o, ṣílẹ̀kùn!
*Kó-kó-kó, jẹ́ n gbóhùn òpó.*
Òjò ń ṣú bọ̀ lókè, ṣílẹ̀kùn!
*Kó-kó-kó, jẹ́ n gbóhùn òpó.*
Ìyá ẹni kì í pé méjì, ṣílẹ̀kùn!
*Kó-kó-kó, jẹ́ n gbóhùn òpó.*

"Ẹ̀gbọ́n Àkókó, ẹ káàbọ̀ o! Ẹ wọ ibi gbogbo, àfi yàrá ìyá mi. Ara wọn ò yá, orí ń fọ́ wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kan nǹkan mọ́ wọn létí."

Irọ́ funfun báláú! Ara ìyá le koko. Wọ́n wà nínú yàrá, wọ́n ń gbọ́.

"Ìyá Àgbà, kí ló dé tí ìyá Òkété ò sọ̀rọ̀?"

Abiyamọ ni, Àsàbí. Wọn ò fẹ́ kí àlejò pe ọmọ àwọn ní òpùrọ́.

Àánú ṣe Àkókó, ó padà. Ìyá wá pe ọmọ wọn: "Ìyẹ̀fun igi ń bọ́ sí mi lójú tí mo bá sùn. Pè é padà."

"Ìyá, ẹ fọkàn balẹ̀. Tí mo bá jẹ ẹkùrọ́ yẹn tán, n ó tún un ṣe."

Lọ́jọ́ kejì, Àkókó tún dé: "Òkété, àṣẹ ọba ni o!" Òkété fi igi dábùú ilẹ̀kùn, ó ṣe bí ẹni tí kò sí nílé. Àkókó kọrin títí, kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó gba ààfin lọ láti fẹjọ́ sùn.

Kó tó débẹ̀, òjò dé wàà! Afẹ́fẹ́ fẹ́ fùù! Òpó ṣẹ́, àjà wó lulẹ̀ gbìì! Òkété figbe ta. Aládùúgbò sáré dé, ilẹ̀kùn ò ṣí. Wọ́n já a, wọ́n ń fi ọwọ́ wa ẹkùrọ́, wọ́n ń wa ẹkùrọ́, títí wọ́n fi kan ìyá. Ó ti bọ́, ìyá ti kú.

Wọ́n ní, "Pẹ̀lẹ́ o. Àkókó ti sọ fún wa pé ara wọn ò yá; aláìsàn ò sì lágbára àtisá."

Òkété bú sẹ́kún. "Wọn ò ṣàìsàn! Èmi ni mo purọ́ mọ́ wọn. Yéè, ìyá mi!"

Ọba ní ẹni tí kò bá jẹ́ ká wo òpó rẹ̀ kò gbọdọ̀ fi òrùlé bo ẹnikẹ́ni mọ́. Láti ọjọ́ náà ni Òkété ti ń gbé inú ihò.

Ibẹ̀ ni mo bá àlọ́ mi, ibẹ̀ náà ni mo fi í sí. Ẹ̀yin ọmọ mi, bí ẹni tí òfin rán bá wá yẹ ilé yín wò, ẹ ṣílẹ̀kùn fún un, kí ẹ sì sọ òótọ́. Kì í ṣe òun ló ń sùn lábẹ́ àjà yín.